Ibi Tí Bọ́ọ̀lù Ti Ń Kọ́kọ́ Balẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ìdánwò náà tí mo sì kùnà, ihò ìkẹyìn ló sì ba ẹ̀ẹ̀mejèèjì jẹ́ fún mi. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ló dùn mí jù. Bọ́ọ̀lù mi wà létí koríko níbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá lọ sí ihò, ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ ta á débẹ̀. Mo mú ọ̀pá, mo wo ihò, mo gbá a. Bọ́ọ̀lù fò kọjá ihò, ó lọ dúró sínú koríko gíga lódìkejì. Mo lọ bá a níbẹ̀, mo tún gbá a, ó tún padà síbi tó ti wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó dúró láti wò mí gbójú sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo eékánná rẹ̀ bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn tó máa rí i. Mo mọ̀ pé ó ti tán nìyẹn.

Kádì ni mí nígbà náà, ní ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kan ní apá Ìkẹjà. Kádì ni ẹni tó ń ru àpò ọ̀pá fún àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. A óò gbé àpò náà kọ́ èjìká, a óò máa tẹ̀lé ọ̀gá láti ihò àkọ́kọ́ títí dé ìkejìdínlógún, a óò máa sọ fún un bí ọ̀nà ṣe jìn tó àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bó bá gbá a re, ọ̀gá ló mọ̀ ọ́n gbá. Bó bá gbá a wọ igbó, kádì ni kò sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti fi ṣe é, kò sí igi kan ní pápá yẹn tí n kò mọ̀. Èmi náà sì mọ̀ ọ́n gbá, torí gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa ń yọ̀ǹda pápá fún àwa kádì. Tó bá jẹ́ ti ká gbá bọ́ọ̀lù lọ sọ́nà jíjìn ni, ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí mò ń ru àpò fún kò tó dúró níwájú mi.

Ṣíìpù ló ń pa mí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Gíríìnì ni koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ títí tó fi tẹ́ bí ẹní, ibẹ̀ ni ihò máa ń wà. Bí bọ́ọ̀lù bá ku díẹ̀ kó dé orí gíríìnì, a kì í fi agbára gbá a mọ́. A máa ń ta á fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó fò díẹ̀, kí ó balẹ̀, kí ó sì yí lọ bá ihò. Ìyẹn ni ṣíìpù. Ẹni tí kò bá mọ eré náà lè rò pé kí ló tún kù nínú bọ́ọ̀lù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé. Gbogbo rẹ̀ ló kù. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa láti òkèèrè, tó wá bà á jẹ́ létí gíríìnì, ó dà bí ẹni tó se ọbẹ̀ tán tó dà á nù lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdánwò tí mò ń sọ yìí ni wọ́n fi ń yan àwọn tí a ń pè ní pró, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ ènìyàn ní gọ́ọ̀fù tí wọ́n sì ń gba owó oṣù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, iye ìgbá kan sì wà tí ènìyàn kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n ń gbà kí ẹnì kan ṣe é láyé rẹ̀. Èmi ti lo méjì. Ọ̀rọ̀ náà ì bá má le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ wa ti pàṣẹ pé kádì tó bá ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì kò ní ru àpò mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Bí mo bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, n kò ní jẹ́ pró, n kò sì ní jẹ́ kádì. Iṣẹ́ mìíràn kò sí lọ́wọ́ mi, ìyàwó mi Bọ́lá sì wà nínú oyún kejì.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí mo bá ń jẹun, ọwọ́ mi á di ṣíbí mú bí ẹni di ọ̀pá mú. Bọ́lá ní, "Bàbá Ṣèyí, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ yìí sinmi jàre, ẹ má gbá a sọnù." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn.

Mo wá di ẹni tó ń gba ìmọ̀ràn kiri. Bàbá Ràfíù ni àgbà gbogbo wa nínú iṣẹ́ kádì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, àwọn ló fà mí wọ iṣẹ́. Wọ́n ní, "Ihò ni kó o máa wò, Délé. Má gbójú kúrò lára rẹ̀, bí ológbò ṣe ń wo eku." Dókítà kan tí mò ń ru àpò fún ní kí n rọ ọwọ́ mi. Ọ̀gá báńkì kan ní kí n má rọ ọwọ́ mi rárá. Ẹnì kan ní ẹsẹ̀ òsì ni kí n fara tì, ẹlòmíràn ní ọ̀tún ni. Ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo, èmi ń lé mẹ́fà. Mo rántí ọjọ́ Mọ́ńdè kan tí mo gbá bọ́ọ̀lù mẹ́fà pẹ̀lú ìmọ̀ràn mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èyí tó lọ síbi tí ìkejì lọ.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan láàárín ọ̀sẹ̀ kò lè tó ẹni tó ní àìsàn bíi tèmi. Mo pinnu pé ilé ni n óò ti máa ṣe é, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ìgàndó là ń gbé. Ìgàndó ìgbà náà kò tíì kún, oko ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn ilé wa, ẹni bá fẹ́ wọkọ̀ yóò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn dáadáa. Ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ gígùn ni, yàrá mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì. Ṣùgbọ́n ó ní àgbàlá ńlá kan lẹ́yìn, ilẹ̀ pupa tó le tó sì tẹ́jú, igi máńgòrò kan ní igun rẹ̀.

Àgbàlá yẹn kì í ṣe ti gbogbo wa bí a ti rò. Ti Ìyá Ṣakí ni. Ìyá onílé ni wọ́n, Ṣakí ni wọ́n ti wá bá ọmọ wọn gbé. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán báyìí, wọn á mú ọwọ̀, wọn á fi ọwọ́ òsì lé ẹ̀yìn, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ láti ẹsẹ̀ igi máńgòrò wá sẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá fi máa ṣe tán, ojú ọwọ̀ á tò lórí ilẹ̀ náà ní ìlà-ìlà bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Òfin wà o. Kò sí ayálégbé tó gbọdọ̀ fi bàtà tẹ ojú ilẹ̀ náà títí oòrùn yóò fi yọ. Bí ìtọ̀ tàbí ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń lé ọ, bọ́ bàtà rẹ, kó o gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Gbogbo wa là ń pa òfin yìí mọ́, títí kan olùkọ́ kan nínú ilé náà tó gbà pé òun kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Mo ri agolo mílíìkì kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò, òun ni ihò mi. Ọ̀pá mi jẹ́ ọlọ́rí irin kan tí wọ́n ń pè ní nọ́ḿbà méje, àlòkù tí dókítà fún mi, mo fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé ibi tí a ti ń dì í mú. Bọ́ọ̀lù mọ́kànlá ni mo ní, gbogbo wọn ni mo rí he nínú igbó. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, mo gbá méjì, méjèèjì kọjá agolo. Ẹ̀kẹta fò lọ kọlu kẹ́tùlù àlùwàlá Ìyá Ṣakí, ó dún "gan-an-ran!", omi dà nù.

Wọ́n jáde síta, ọwọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá Ṣèyí, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́ wo? Ìwọ àgbàlagbà, tó ò ń fi irin lé ẹyin kiri lójú ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá!"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ṣàlàyé ìdánwò náà fún wọn látòkè délẹ̀, mo sọ ti àpò tí n kò ní rù mọ́ bí mo bá kùnà. Wọ́n tẹ́tí sí mi, wọ́n wo ikùn Bọ́lá tó jáde wá bá mi bẹ̀bẹ̀.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Bí mo bá gbá a tán, máa lu ẹyin ẹ. Àmọ́ bó o bá lù ú tán, ìwọ ni wàá tún un gbá. Mi ò ní gbálẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ kan torí eré òyìnbó."

Báyìí ni àdéhùn wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, Ìyá Ṣakí á gbálẹ̀, èmi á gbá bọ́ọ̀lù, èmi á tún ilẹ̀ gbá, n óò sì sáré lọ wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà. Mo rò pé gbígbá ilẹ̀ ni ìyà tó wà nínú rẹ̀. Ìyá kò jẹ́ kí n fi ìyà náà ṣeré. Wọ́n á jókòó sórí àpótí wọn, pákò lẹ́nu, wọ́n á máa wò mí.

"Ọrùn ọwọ́ ẹ ń jó," ni wọ́n wí lọ́jọ́ kan. "Ìwọ náà wo eruku tó ò ń dà sókè. Ọwọ̀ kì í ṣe abẹ̀bẹ̀ o. Jẹ́ kí apá gbé e."

Wọ́n gba ọwọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbá a bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ọrùn ọwọ́ wọn kò mì rárá. Apá wọn láti èjìká ló ń lọ tó ń bọ̀, ọwọ̀ kàn ń tẹ̀lé e. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, mo di ọ̀pá mi mú bí wọ́n ṣe di ọwọ̀ mú. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú ọ̀pá pẹ̀lú ìró tó mọ́. Ohun tí mo ti wá lọ sọ́dọ̀ dókítà àti ọ̀gá báńkì, àṣé ìyá arúgbó tí kò rí gọ́ọ̀fù rí ló ní in.

Síbẹ̀ náà, bọ́ọ̀lù kò sún mọ́ agolo. Ọ̀kan á kọjá, ọ̀kan á kù sílẹ̀. Oṣù kan lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ara mi, mo ń bínú sí agolo, mo tiẹ̀ bínú sí máńgòrò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbá mọ́kọ̀ọ̀kànlá tán, kò sí ọ̀kan tó tó ẹ̀gbẹ́ agolo. Mo ju ọ̀pá sílẹ̀. Mo fẹ́ gbálẹ̀ kíákíá kí n máa lọ.

"Dúró ná," ni Ìyá Ṣakí wí. Wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wá, wọ́n dúró wo ojú ilẹ̀.

Ojú ilẹ̀ tí wọ́n gbá ní ìlà-ìlà náà ti ní ihò kéékèèké, níbi tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ balẹ̀ kó tó yí lọ. Mo ti ń rí àwọn àmì yìí láti oṣù kan. Lójú tèmi, ìdọ̀tí tí mo gbọ́dọ̀ gbá kúrò ni wọ́n.

"Ẹyin mélòó lo lù?"

"Mọ́kànlá, Màmá."

"Ibo lò ń lù wọ́n sí?"

"Sínú agolo yẹn ni, Màmá."

"Mi ò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ibo lo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀?"

Mo tún gbójú wo agolo. Wọ́n fi pákò wọn tọ́ka sí ilẹ̀ fún mi.

"Wò ó. Èyí wà níbí. Èyí wà lẹ́bàá kànga. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ yàrá olùkọ́ lọ. Kò sí méjì tó jọra. Bó bá jẹ́ pé adìyẹ ló jẹ̀ kọjá níbí, adìyẹ ìbá mọ ibi tóun fẹ́ dé. Ẹni tí ò mọ ibi tó máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ délé?"

Inú bí mi, kí n má purọ́. Mo gbálẹ̀ láìdáhùn, mo sì jáde. Inú mọ́lùè tí mo wọ̀ ní Ìyànà Ìpájà ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Àyè wà láti jókòó, ṣùgbọ́n mo dìde dúró, n kò lè jókòó mọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń wo ihò. Bàbá Ràfíù ní kí n máa wo ihò, mo wò ó títí ojú fi ń ro mí. Bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ṣíìpù kì í fò wọ ihò. Yóò kọ́kọ́ balẹ̀ sí ibì kan, ibẹ̀ ló sì ti máa pinnu bí yóò ṣe yí. Mo ń ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní òdìkejì odò láìwo ibi tí afárá wà. Kọ́ńdọ́ ọkọ̀ ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti débi tẹ́ ẹ ń lọ ni?" Mo ní ó kù díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìka ya òbìrí kan sílẹ̀, kò ju àtẹ ata lọ, ní ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà láti ibi tí mo dúró dé ibi agolo. Mo pinnu pé n kò ní wo agolo mọ́. Òbìrí náà ni n óò máa wò. Nínú bọ́ọ̀lù mọ́kànlá, ẹyọ kan ló bọ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan yẹn lọ fi orí kan agolo. Mo kígbe débi pé olùkọ́ ṣí fèrèsé.

Oṣù márùn-ún ló kù kí ìdánwò ẹ̀ẹ̀kẹta tó dé. Láràárọ̀ ni mò ń ṣe é, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn. Méjì bọ́ síbẹ̀, mẹ́rin bọ́ síbẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn kò tún sí ọ̀kan. Bọ́lá bímọ, obìnrin ni, mo lọ sí ilé ìwòsàn, mo padà, mo gbá bọ́ọ̀lù mi. Bọ́lá ní, "Èmi àti Ìyá Ṣakí, ta lẹ fẹ́ níyàwó gan-an?" Ìyá náà kì í yìn mí. Bí mo bá gbá a tán, wọ́n á wá wo ilẹ̀, wọ́n á ní, "Ó sàn díẹ̀ ju ti adìyẹ lọ." Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni mo máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri ilé àwọn kádì. Wọ́n ń hú gíríìnì pápá wa láti gbin koríko tuntun, torí náà wọ́n ti gbé ìdánwò lọ sí pápá ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn òde Èkó, pápá tí kò ní gíríìnì. Bíráùn ló ní. Bíráùn ni yanrìn tí wọ́n pò mọ́ epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àlòkù, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ yí ihò ká nítorí pé koríko kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu níbẹ̀. N kò gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ rí. Mo sáré lọ bá Bàbá Ràfíù.

"Bíráùn ò mọ ẹnì kan," ni wọ́n wí. "Ó ń gba bọ́ọ̀lù mú nígbà míì, ó ń yọ́ lábẹ́ ẹ̀ nígbà míì. Ó kù sọ́wọ́ ẹlẹ́dàá ẹ, Délé."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ mọ́. Mo sọ fún Bọ́lá pé ó sàn kí n tọ́jú ẹ̀ẹ̀kẹta yìí di ọdún mìíràn. Ó ní, "Ọdún mìíràn wo? Ọdún tẹ́ ẹ bá ti pé márùndínlógójì tán?" Mo lọ di àpò mi.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, ọkọ̀ tó máa gbé wa ti ń dúró ní Ìkọ̀tún. Mo ní kí n kàn gbá mọ́kànlá péré kí ọwọ́ mi lè gbóná. Mo gbá wọn. Mo gbójú sókè, mẹ́sàn-án ló ti balẹ̀ síbi kan náà, àwọn àmì wọn sún mọ́ ara wọn bí oyin lórí afárá. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. N kò tiẹ̀ ráyè yọ̀, ẹni tí a jọ ń lọ ti ń pè mí láti ìta. Mo kó bọ́ọ̀lù, mo gbé àpò, mo sá jáde.

A ti kọjá Abúlé Ẹ̀gbá kí n tó rántí pé n kò gbálẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni mo fi pa àdéhùn yẹn mọ́, ọjọ́ tí mo nílò àdúrà arúgbó jù lọ ni mo wá yẹ̀ ẹ́. Mo wo ẹ̀yìn títí ọrùn fi ń dùn mí, bí ẹni pé mo lè rí àgbàlá láti ibẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á bínú. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ kìn-ín-ní ìdánwò lọ fún mi wẹ́rẹ́. Àwọn yòókù ń ké pé ilẹ̀ bíráùn ń ṣe wọ́n bó ṣe wù ú. Èmi rí nǹkan kan níbẹ̀ tó jọ ilé: bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń fi àmì sílẹ̀ níbi tó ti balẹ̀. Mo ń wo àmì ti àwọn tó gbá ṣáájú mi, mo ń wo bí bọ́ọ̀lù wọn ṣe yí lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń mọ ibi tí tèmi gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kejì, mo dé ihò ìkẹyìn. Ìgbá méjì péré ló kù fún mi. Bọ́ọ̀lù mi wà létí bíráùn, ó tó ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá sí ihò. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá yẹn náà ló tún wá bá mi.

Mo wo ilẹ̀ láti rí àmì. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ibẹ̀ ń wọ́ àpò ìdọ̀họ kan kọjá lórí yanrìn náà lọ́wọ́, kí ó lè tẹ́jú fún ẹni tó kàn. Ó pa gbogbo àmì rẹ́. Ó fi ìlà gígùn-gígùn sílẹ̀, ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, kò sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo bọ́ bàtà mi.

Ẹni tó ń kọ iye ìgbá wa sílẹ̀ wò mí. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o fẹ́ sùn ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìtìjú mú mi. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ padà, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo ní, "Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ni, sà." Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí èmi náà mí kanlẹ̀. Mo yan ibì kan lórí yanrìn náà, tó tóbi tó àtẹ ata. N kò wo ihò mọ́. Mo jẹ́ kí apá gbé e.

Bọ́ọ̀lù balẹ̀ síbi tí mo ní kó balẹ̀ sí, ó fi àmì kékeré kan síbẹ̀, ó yí, ó yí, ó dúró ní bí ìbú ọwọ́ mẹ́ta sí ihò. Mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ bá a, mo tì í wọlé. Mo yege, kò ṣẹ́ kù, kò sì lé.

Iṣẹ́ pró ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo kọ́ lọ́yà, mo kọ́ sójà, mo kọ́ ìyàwó ọ̀gá báńkì tó ní kí n má rọ ọwọ́ mi. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbá ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá fúnra mi kí wọ́n tó dé, n óò ní kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sórí rẹ̀, a óò sì jọ wo àmì. Wọ́n sọ mí ní Pró Onígbálẹ̀. Ojú kọ́kọ́ ń tì mí, nígbà tó yá mo ń dáhùn.

Ẹ wo bí mo ṣe ń sáré, mo ti fẹ́ fo ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ìdánwò ni mo délé. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Ìyá Ṣakí jókòó lórí àpótí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mi ò gbálẹ̀ kí n tó—"

"Mo rí i."

Mo wo àgbàlá. Wọ́n ti gbá a láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ọwọ̀ tò láti ẹsẹ̀ máńgòrò wá. Ṣùgbọ́n níbi kan láàárín, ìlà ọwọ̀ náà yà sápá kan, ó yí po, ó sì tún padà sójú ọ̀nà rẹ̀. Láàárín ibi tó yí po náà, àmì bọ́ọ̀lù mi mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ṣì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyá ti to òkúta kéékèèké yí wọn ká kí adìyẹ má baà tẹ̀ wọ́n.

Ìyá tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni hàn lójú ilẹ̀ wọn. Omi bọ́ lójú mi, n kò nù ún.

"Bí wọ́n bá sọ fún ẹ níbẹ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí, "mo fẹ́ kó o rí ohun tó o máa bá nílé."

"Mo yege, Màmá."

Wọ́n mi orí, wọ́n na ọwọ̀ sí mi.

"Ó dáa. Wá gbá a nísinsìnyí."